Ọjọ́ Mẹ́ta Tí A Kò Kí Òyìnbó

Lánàá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kún ojú títì, wọ́n ń bínú nítorí ọ̀kan nínú wọn tí ọlọ́pàá pa. Ó ní, "Àǹkú, ṣé ẹ̀yin náà ti jà báyìí rí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ mí: bí ajá bá gbó ládùúgbò, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wọlé.

Ṣùgbọ́n mo jà. Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ìyàwó mi lóyún àkọ́kọ́, mo sì ń ru kọnkéré níbi tí òyìnbó kan ti ń kọ́ afárá fún wa l'Ẹ́dẹ. Títí di òní, bí mo bá gun ọ̀kadà kọjá lórí afárá yẹn, mo máa ń ní kó rọra. Àárọ̀ ibẹ̀ dùn! Ìrì á ṣì wà lórí iyanrìn, a ó máa jẹ àkàrà gbígbóná, a ó máa bú ara wa. Òyìnbó yẹn kò gbọ́ Yorùbá ju "Ẹ kú iṣẹ́ o!" lọ. Bí gbogbo wa bá ti dá a lóhùn, ojú rẹ̀ á pọ́n bíi tòmátì fún ayọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà wa àgbà tò wọ́ díẹ̀. Òyìnbó gbá Bàbá bíríkìlà létí, ẹni tó dàgbà tó baba tó bí i. Fìlà Bàbá bọ́ sínú sìmẹ́ǹtì tútù. Ó tún pè é ní ọ̀bọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé mẹ́fà mi tó láti gbọ́ ìyẹn.

Àwọn yòókù gbé ṣọ́bìrì. Èmi ti wà lẹ́yìn òkìtì iyanrìn, mo ń wá bàtà tí kò sọnù.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀," Bàbá wí. "Nígbà èwe mi, mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ní káwọn èèyàn wa l'Ámẹ́ríkà máa jókòó lẹ́yìn ọkọ̀. Wọn ò lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n pa ọkọ̀ tì, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn títí àwọn aláṣẹ fi gbọ́ tiwọn. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má kí i. Bí kò bá bẹ̀ mí kí Ọjọ́bọ̀ tó parí, oko mi ní Alajue ni mò ń lọ. Ẹ ò ní rí mi níbí mọ́."

Kí Yorùbá má kí èèyàn! Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó dé: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún kí. Èmi ti ki gàrí gbígbẹ bọ ẹnu kí ohùn má baà jáde, ó sì kù díẹ̀ kó fún mi pa.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, òyìnbó fẹsẹ̀ kọ pákó, ó ṣubú. Gàrí tún kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, mo ti ké: "Yé è, ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà!"

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni ẹnìkan wí.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Bàbá ní. "Ẹni tó ṣubú, ṣé a ò ní í kí i pẹ̀lẹ́ ni? Ẹ wo imú ọmọ yìí kẹ̀, gàrí ti gba ibẹ̀ jáde."

Ẹ̀rín sọ. Òyìnbó rò pé òun là ń fi ṣẹ̀sín, ó bi akọ̀wé iṣẹ́ wa, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, léèrè. Akọ̀wé sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òyìnbó dìde nílẹ̀, ó ṣí àkẹtẹ̀, ó lọ bá Bàbá lójú gbogbo wa, ó ní òun jẹ̀bi.

"Mo gbọ́," Bàbá wí. Ó kọjú sí búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Ṣé Bàbá yóò lọ sí oko rẹ̀ ni, àbí kò ní í lọ? Ní ìrọ̀lẹ́, ó fọ irinṣẹ́ rẹ̀, ó kó o sínú àpò, ó gba ẹ̀gbẹ́ òyìnbó kọjá.

"Ó dàárọ̀ o," ó ní.

Ó ń bọ̀ lọ́la nìyẹn. La bá sáré kí òyìnbó tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi nìkan kí i.