Ẹni Tó Ń Bọ́ Àwọ̀ Lára Omi

Bàbá Olómi ni gbogbo ilé-iṣẹ́ aláṣọ náà ń pè é, torí òun ló ń tọ́jú omi aró kí ó tó ṣàn wọ odò. Tẹ́lẹ̀, bí odò bá pupa lónìí, yóò dúdú lọ́la. Ìríra ni, àmọ́ ọmọdé ìsàlẹ̀ odò gan-an mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, inú bàbá dùn bí ẹni tó tún gbé ìyàwó. Apá kìíní ń fẹ́ atẹ́gùn líle kan sínú omi, atẹ́gùn náà á sì jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán. Apá kejì jẹ́ asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré ju ohun tí èèyàn lè rí lọ. Òun ló ń dá májèlé dúró.

Ní oṣù kẹrin tí ẹ̀rọ náà dé, asẹ́ dí pa.

Ọ̀gá wo omi tó ń bọ̀ láti apá kìíní, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ó ti mọ́? Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, asẹ́ tuntun á dé."

"Ọ̀gá, àwọ̀ nìkan ló lọ o. Májèlé ṣì wà nínú ẹ̀."

"Bàbá, ẹ tún ti dé nìyẹn. Ṣé iṣẹ́ ti sú yín ni?"

Ọmọbìnrin bàbá wà ní ìsàlẹ̀ odò, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ìgbéyàwó ló wà nínú rẹ̀. Bàbá rántí rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀ ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí irin tó ń darí omi, omi gba ẹ̀gbẹ́ asẹ́ kọjá. Ó ní ta ni yóò mu omi aró? Inú ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí sí i títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ etí odò dákẹ́. Nígbà tí ọkàn bàbá ò balẹ̀ mọ́, ó lọ wo ọmọ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin tó ru garawa omi ń kí i pé, "Bàbá, ẹ ṣeun o!" Ó sáré dé ilé ọmọ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń pọn omi odò yìí?" ló béèrè kó tó jókòó.

"Ó ti tó oṣù méjì, bàámi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n tẹ́lẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ bù ú mu lójú wọn. Mo ní bàbá mi ló ń fọ̀ ọ́."

Ó fi ọwọ́ kan ti ikùn, ó kúnlẹ̀, ó gbé ife omi fún un.