Kànga Inú Ọgbà Wa ní Wídà

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹni tó mọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tó sì dá mi sí títí irun mi fi funfun.

Òórùn amọ̀ tútù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga wa, nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàbá mi, tíṣà àti katikísì, kúrò ní Bantè lọ sí Wídà, ìlú èbúté àtijọ́ létí òkun. Kò sí omi nínú ọgbà tí a kó wọ̀. Ìyá mi sì lóyún, ọ̀nà jíjìn ló ń rìn kó tó rí omi pọn. Ni Bàbá bá pe Kòjó, ọmọ Máhì láti Savalou, tó ń gbẹ́ kànga.

Bí ọkọ́ Kòjó ṣe ń wọlẹ̀ ni ayé mìíràn ń jáde: ìkarahun, egungun ẹja, àfọ́kù àwo funfun olódòdó búlúù. Mo ṣa ohun funfun kékeré kan tó rí bí igi, mo fi kọ orúkọ mi sára ògiri, mo ṣebí ẹfun tíṣà ni. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀pá ìkòkò tábà tí wọ́n fi amọ̀ mọ ni. Ẹni tó fà á kẹ́yìn ti kú kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi."

Mo jù ú sílẹ̀, mo tún sáré mú un.

Nígbà tó yá, ọkọ́ kan bíríkì tí wọ́n tò yípo. Ẹnu kànga àtijọ́ ni! Kòjó kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, omi tó mọ́ gaara sì ń sun nísàlẹ̀, bí ẹni pé ó ti ń dúró dè wá.

Inú gbogbo wa dùn, àfi Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, tó ti Lougba, lágbègbè Bantè, wá tọ́jú ìyá mi. Kò fẹnu kan omi náà.

"Ìyá, ṣé òkè tí ẹ̀yin ará Bantè ń gùn ni kò jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ wù yín?" ni Kòjó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ ọmọ Máhì yìí, gbẹ́nu dákẹ́."

Omi àgbọn nìkan ló ń mu, títí ètè rẹ̀ fi ń bó. Ẹ̀rù ba Bàbá, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀nà ibí ni wọ́n mú Àbẹ̀ní gbà," ni Ìyá àgbà sọ, "àbúrò ìyá ìyá mi, nígbà tí wọ́n ń ta èèyàn sókè òkun. Ta ló bu omi fún un mu?"

Nílé wọn ní Lougba, bí wọ́n bá pọn omi sínú ìkòkò tuntun, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń da igbá àkọ́kọ́ sí, wọn á sì pe orúkọ ọmọbìnrin náà. Bàbá kò gba èyí láyè nílé wa. Ó ní àdúrà ti tó.

Àmọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá fúnra rẹ̀ fa omi, ó ṣí fìlà, ó gbé igbá fún Ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ pè é."

Ìyá àgbà da díẹ̀ sórí bíríkì. "Àbẹ̀ní, omi rèé. Ó pẹ́ kó tó dé." Ó wá mu ìyókù tán. Bàbá ya àmì àgbélébùú, a jọ ka àdúrà Bàbá Wa.

"Ìyá àgbà, ṣé ó gbọ́?" ni mo bi í.

"Ọlọ́run tó mọ ibi tó sùn sí gbọ́."

Lónìí, èmi náà ti di tíṣà ìtàn ní Bantè. Mo lè ṣàlàyé bí ilẹ̀ ṣe ń bo ayé àwọn tó ti lọ mọ́lẹ̀, ohun tí ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò mọ̀ rárá. Síbẹ̀, ìyanu tó mú ọmọ náà létí kànga kò tíì fi mí sílẹ̀. Bí mo bá gbé omi sẹ́nu, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó gbé e mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ibikíbi tí ọ̀nà bá gbé yín dé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ yín, kó má sì jẹ́ kí àwọn ará ilé gbàgbé orúkọ yín.