Háàdì Tí Wọ́n Ní Kò Lè Fọ́

Inú ń bí Àǹtí Onífídíò débi pé kò rántí ti ilẹ̀kùn nígbà tó jáde nílé. Iṣẹ́ fídíò yíyà ló ń ṣe, òun ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Háàdì kan ló dì mú, pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́, tí rọ́bà pupa tó nípọn yí i ká. Inú rẹ̀ ló ń kó fídíò sí tó bá ti yà á tán.

Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ló ní kó wá ya òun níbi tí òun ti ń bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀. Bàbá sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fi àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò padà wálé láti ọsibítù. Àǹtí ti da fídíò náà sínú háàdì, ó sì ti nu káàdì kámẹ́rà kó lè fi ṣiṣẹ́ míì. Àfi bí háàdì ṣe yọ̀ bọ́ látorí àga. Àga lásán, tí kò ga ju orúnkún lọ! Nígbà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́-kẹ́-kẹ́ nìkan ló ń dún.

Má-Fòyà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó tà á fún un, torí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Àǹtí gbé háàdì kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbàà!

"Àǹtí wa! Háàdì jagunjagun nìyẹn o."

"Jagunjagun wo? Ó já látorí àga, ó kú."

"Bóyá ẹ là á mọ́lẹ̀ ni."

"Èmi ni mo là á mọ́lẹ̀? Ṣebí ìwọ lo ní kí n jù ú látorí òrùlé, pé kò sí nǹkan tó máa ṣe é? Ó dáa, mú irú ẹ̀ wá. Jẹ́ ká jù ú sílẹ̀ níbí lójú gbogbo èèyàn."

"Háà! Ta ló máa wá rà á lẹ́yìn náà?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Má-Fòyà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìta ẹ̀ ló le, Àǹtí. Inú ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Àwo kan ló ń yí níbẹ̀, tó bá já bọ́, ó lè bà jẹ́."

"O mọ̀!" Àǹtí gbé háàdì rẹ̀. "O mọ̀, o sì ń wo ojú mi, ò ń rẹ́rìn-ín!"

Ó gbé háàdì lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyẹn rí díẹ̀ yọ nínú rẹ̀: ohùn Bàbá ń lọ geere, ṣùgbọ́n bó ṣe kan ọ̀rọ̀ àbígbẹ̀yìn, ó gé. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún àkọ́bí Bàbá, nọ́ọ̀sì ni. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, kò dúpẹ́.

"Ohùn bàbá mi, ojú kan ṣoṣo lẹ tọ́jú ẹ̀ sí?"

Àǹtí fẹ́ dárúkọ Má-Fòyà, ó pa ẹnu dé. "Ẹ má bínú," ló lè sọ.

Ìbínú yẹn náà ló gbé wọ ṣọ́ọ̀bù míì. Ìyá tó ni ibẹ̀ mú háàdì kan jáde, ó ní kò sí nǹkan tó ń yí nínú rẹ̀.

"Ẹnu ni gbogbo yín fi ń tajà," Àǹtí dá a lóhùn.

Ìyá ò bá a jiyàn. Ó da àwòrán kan sínú rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ látorí tábìlì sórí sìmẹ́ńtì, ó bu omi lé e, ó nù ún gbẹ, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwòrán ṣí. Àǹtí gbà á, ó tún jù ú pẹ̀lú agbára, bí ẹni pé orí Má-Fòyà ni. Ó tún ṣí. Ó ra méjì, kí fídíò kankan má tún wà lójú kan mọ́.

Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè háàdì, ó máa ń sọ ohun tí Má-Fòyà ṣe fún un, láìfi bò. Má-Fòyà ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí i.

"Kó lọ sọ fún àwọn oníbàárà ẹ̀ pé ìta nìkan ló le," ló fi dá ìránṣẹ́ náà lóhùn.

Má-Fòyà ò sọ ọ́. Inú Àǹtí ò sì tíì yọ́ sí i dòní.