Gọ́tà Àárín Òrùlé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọ́dọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan lákòókò òjò tó kọjá yìí. Mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ níbẹ̀. Tí mo bá dé ibi tó ti jẹ́ ẹ̀bi tèmi, mo máa sọ ọ́.

Ilé ẹbí ni ilé wa. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Ìyàwó méjì ló bímọ fún wọn níbẹ̀, torí náà ìdí méjì ni wá: ìdí tiwa ń gbé apá ọ̀tún, ìdí kejì ń gbé apá òsì. Apá kọ̀ọ̀kan ní òrùlé tiẹ̀, àwọn òrùlé méjèèjì wá pàdé láàárín. Ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn ni gọ́tà páànù gígùn kan wà, tó ń gbé omi òjò lọ sẹ́yìnkùlé.

Ta wá ló ni gọ́tà náà? Há! Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé ẹbí l'Ékòó, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí o bá kun ògiri kan lónìí, tó bá dọ̀la wọ́n á ní o ti fẹ́ gba yàrá tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá tún nǹkan ṣe, ó ń sọ pé òun ló ni ín nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, wọ́n ní kí ẹnì kan gun òkè lọ kó ewé inú gọ́tà yẹn. Làwọn ará òsì bá pe ìpàdé ẹbí! Wọ́n bi bàbá mi bóyá àárín ilé ni wọ́n fẹ́ gbà. Inú bí bàbá mi, wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan gọ́tà náà mọ́. Àwọn ará òsì náà ò fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ti kú, àṣẹ wọn ò kú.

Igi fúrúùtù ńlá kan sì wà ní kọ́ńpáùn ẹ̀yìn wa, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń jẹ èso ẹ̀, tí wọ́n á tún fi òkúta fọ́ kóró ẹ̀. Tí ọyẹ́ bá ti mú, ewé ẹ̀ á pọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ewé yẹn fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, orí páànù wa ló sì máa ń bọ́ sí. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìdí kọ̀ọ̀kan á wá káfíńtà tiẹ̀ tó máa gbá òrùlé. Èmi ni mò ń ṣètò ti ìdí tiwa. Bọ̀dá Ràṣídì, àgbà ìdí kejì, ló ń ṣètò tiwọn.

Lọ́dún yìí, káfíńtà tí mo pè gun òkè, ó wo ilẹ̀, ó bi mí bóyá kí òun kúkú bá wa kó gọ́tà àárín náà, pé kò ní pẹ́. Mo ní rárá o. Mo ní kí wọ́n gbá apá tiwa nìkan, kí wọ́n má dá ìjà sílẹ̀ fún mi. Káfíńtà bá ń gbá ewé láti òkè wá sísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń wọ inú gọ́tà lọ. Mo rí i. Mo dúró sílẹ̀, mo rí i dáadáa, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣebí apá tiwa ti mọ́! Lọ́sẹ̀ kejì, káfíńtà Bọ̀dá Ràṣídì ṣe bẹ́ẹ̀ náà láti apá tiwọn.

Ta ló wà lábẹ́ gọ́tà yẹn? Ìyá Àlájà ni.

Ìyá Àlájà ni àkọ́bí bàbá bàbá mi. Ìyá tó bí wọn kú sórí ìkúnlẹ̀, àwọn ìyàwó méjèèjì tó dé lẹ́yìn ló jọ tọ́ wọn. Wọn ò sí nínú ìdí kankan, wọn ò sì bímọ. Àárín ilé ni yàrá wọn wà. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣọ́ bí ojú nínú yàrá yẹn: àpótí páànù kan tí aṣọ funfun wà nínú ẹ̀. Mẹ́kà ni wọ́n ti ra aṣọ náà, omi Sàmùsámù ni wọ́n fi fọ̀ ọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó ká a wálé. Aṣọ tí a máa fi sin wọ́n nìyẹn. Wọn ò ní ohun méjì tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún láyé yìí mọ́, àfi kí wọ́n fi aṣọ yẹn lọ bá Ọlọ́run wọn.

Lẹ́yìn òjò kejì, wọ́n pè mí kí n wá wo síìlì òkè yàrá wọn. Omi ti ń yọ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ sọ fún Bọ̀dá Ràṣídì. Bọ̀dá Ràṣídì ní kí wọ́n padà wá sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀, ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún! Nígbà tó yá, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ibẹ̀. Ó yẹ kójú tì mí nígbà yẹn. Kò tì mí.

Ọjọ́ tọ́rọ̀ bẹ́yìn yọ, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, mo ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta bọ́tìnì àti síìpù, mo wà nílé. Mo kàn gbọ́ gbàù! Mo sáré dé yàrá Ìyá Àlájà, síìlì ti já lulẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, orí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà. Ṣùgbọ́n orí àpótí ni síìlì já sí. Ìdérí ẹ̀ ti wọ inú, omi dúdú òun ewé jíjẹrà sì ń dà sí i.

Bọ̀dá Ràṣídì náà sáré dé. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn? Wọ́n ní ẹ̀yin ará ọ̀tún lẹ fà á. Èmi náà ò gbà, mo ní káfíńtà tiwọn ló da ewé tó pọ̀ jù. Ẹ gbà mí o! Omi ń dà, àwa ń jà. Kò sẹ́ni tó gbé àpótí kúrò nílẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ìyá Àlájà ò bá wa wí. Wọ́n dìde, wọ́n ti ọ̀pá wọn, wọ́n bọ́ sínú òjò, wọ́n ní:

“Bí gọ́tà yẹn ò bá lẹ́ni tó ni ín, èmi ni mo ni ín. Ẹ gbé àkàbà wá fún mi.”

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rín. Àfi bí wọ́n ṣe fa àkàbà fúnra wọn, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé e! Bọ̀dá Ràṣídì fò mọ́ wọn, ó bẹ̀ wọ́n, ó gba àkàbà, ó gùn ún. Mo so ìró mi le, mo tẹ̀ lé e. Ewé tó ti di ẹrẹ̀ la kọ́kọ́ kó. A kó náílọ̀n píọ̀ wọ́tà, a kó ẹsẹ̀ sálúbàtà kan. Igi fúrúùtù kékeré ti hù níbẹ̀ tó dé orúnkún mi, gbòǹgbò ẹ̀ ti gba ojú ìṣó wọlé! Iṣẹ́ náà ò gbà wá tó ààbọ̀ wákàtí. Ààbọ̀ wákàtí tí ìdí méjì ò lè ṣe láti bí ọdún mélòó kan!

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Àlájà ti ṣí àpótí. Omi ewé fúrúùtù máa ń pọ́n bí omi tíì, ó sì ti mu aṣọ náà dé ìdajì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ fi blíìṣì sí i, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní aṣọ tí omi Sàmùsámù ti kàn ò ní rí irú ìyẹn. Àbàwọ́n náà ṣá díẹ̀, kò lọ.

Mo kúnlẹ̀. Bọ̀dá Ràṣídì dọ̀bálẹ̀ tòun tirùngbọ̀n funfun. A bẹ̀ wọ́n pé a máa ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà kó bá wọn ra òmíràn bọ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní:

“Èyí náà lẹ máa fi sin mí. Síkírá, ìwọ lo máa wẹ̀ mí, ìwọ lo máa wé e mọ́ mi. Mo fẹ́ kóo rí i nígbà tóo bá ń wé e. Kí Ràṣídì náà rí i kó tó kírun sí mi lára.”

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Wọ́n ní kí n bá wọn bu omi àlùwàlá, pé Màgàríbì ti fẹ́ẹ̀ tó. Èmi kì í tètè sunkún, ṣùgbọ́n mo sunkún nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Àwa la lanu. Ní báyìí, ọjọ́ kan náà ni èmi àti Bọ̀dá Ràṣídì ń gun òkè, inú àpò la sì ń kó ewé sí, a kì í gbá a sí gọ́tà mọ́. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé wa lórí. Tí igi bá wà nítòsí ilé yín, ẹ má dúró dìgbà tí síìlì bá já o! Ẹ wo gọ́tà yín kí òjò tó dé, ì báà jẹ́ tiyín, ì báà má jẹ́ tiyín.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ẹ̀yin ará ilé ẹbí? Ibo ni nílé tiyín tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn? Ta ló sì ń sùn lábẹ́ ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má tijú. Èmi ti kọ tèmi.