Ajá Tí Wọ́n Fi Ata Bọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, a ní ajá kan nílé wa ní Ọjà Àtijọ́ ní Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n n kò lè búra mọ́ bóyá pupa ni gbogbo ara rẹ̀ tàbí ó ní funfun láyà. N kò rántí ẹni tí ó mú un wá. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé èmi ni mo kọ́ ọ, àti pé títí di òní ni àwọn ẹbí mi ń sọ pé n kò kọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, ará Ìjùmú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó àbúrò náà ń gbé pẹ̀lú wa. Mùsùlùmí ará Ìlọrin ni onílé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tí ń ta aṣọ wà nínú agboolé kan náà. Nítorí àlùwàlá àti ìrun rẹ̀, onílé kò fẹ́ ajá nítòsí. Ó sọ fún bàbá mi pé ajá náà lè dúró, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń kírun, tàbí tí ó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, lílọ ni yóò lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ ọ. Bí mo bá gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, mo máa ń wí pé, "Dúró." Itọ́ yóò máa kán lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní mira títí n ó fi sọ pé, "Ó yá." Bí ó bá fẹ́ gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kì í nà án, n ó pè é padà, n ó sì fún un ní orí ẹja. Nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí Odò Ọya, níbi tí àwọn obìnrin ń sá ẹja sí, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ni yóò ti máa rìn. Ìyàwó onílé, tí ó máa ń ká ìró rẹ̀ sókè tẹ́lẹ̀ bí ó bá rí i, wá ń kí i.

"Ajá yìí gbọ́ràn ju àwọn ọmọ mi lọ, wàláì! Wá bá mi kọ́ àwọn náà."

Inú àbúrò bàbá mi kò dùn sí i.

"Tísà ajá," ni ó máa ń pè mí, "ṣé ó ti mọ a, b, d? Olè yóò wọlé, yóò ní, 'Dúró,' ajá rẹ yóò dúró, wọn ó sì kó wa lẹ́rù lọ!"

Gbogbo ilé a rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi gbà gbọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọdẹ abúlé wọn, pé ajá tí ó bá jẹ agbọ́n pẹ̀lú ata gbígbẹ ni yóò rorò. Mo ń rí i lójú inú mi bí ó ti ń po agbọ́n àti ata mọ́ ẹ̀kọ tútù, tí ajá náà sì ń fi ẹnu nu ilẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Àbí n kò rí i? Ó lè jẹ́ pé mo gbọ́ ọ lẹ́yìn náà ni mo wá yà á bí àwòrán. Yunifásítì kọ́ mi láti fura sí ẹlẹ́rìí, èmi ni mo sì kọ́kọ́ ń fura sí.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn rẹ̀ ni pé ìyàwó onílé gbé omi kọjá lẹ́bàá kànga láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kí ajá náà bí ìṣe rẹ̀, ajá náà sì bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni ó kọ́kọ́ fọhùn.

"Mo ti sọ! Ẹ fi ajá fún ọmọdé ṣeré!"

Bàbá mi kò bi mí ní nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ fi okùn fa ajá náà jáde, òun nìkan ni ó sì padà wálé.

Ayé ti yí padà. Agboolé náà ti di ṣọ́ọ̀bù, onílé àti àbúrò bàbá mi ti kú. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ní dókítà ẹranko, ẹ sì ní fóònù tí ń fi hàn yín bí a ti ń kọ́ ajá. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé ọmọ mi ní Natako, ní Lọ́kọ́ja kan náà, aládùúgbò rẹ̀ kan tí ó wọ táì wo ọmọ ajá wọn, ó ní, "Màámá, ẹ máa fi ata sóúnjẹ ẹ̀, kó lè le dáadáa." Mo pariwo mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mi fi sáré jáde láti inú ilé.

Ìbínú yẹn ni ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ opó àbúrò bàbá mi. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi bóyá èmi ni mo hùmọ̀ ọ̀rọ̀ agbọ́n yẹn.

"O ò hùmọ̀ ẹ̀," ni wọ́n wí. "Agbọ́n ọ̀hún ta ọkọ mi nígbà tó ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ ajá láàárọ̀ yẹn, ọwọ́ ẹ̀ wú débi pé kò lè so okùn mọ́ ajá náà lọ́rùn. Èmi ni mo bá a so ó."