Oṣù Méjì Tí Mo Yọ Kúrò

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Ọkọ mi a máa sọ pé bí mo bá dé ọ̀run, màá kọ́kọ́ fi oníbodè ṣe yẹ̀yẹ́ kí n tó wọlé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kan wà tí mo ṣe ní Òṣòdì, nígbà tí owó epo ń ya wọ ìlú bí àgbàrá, tí èmi fúnra mi ò lè rẹ́rìn-ín sí títí dòní.

Mafoluku là ń gbé nígbà náà, yàrá kan àti pálọ̀. Ọkọ mi ń bá wọn kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú, èmi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ń hù ní Ìsọlọ̀ bí olú. Ọkọ mi ra rédíò kan tó tóbi ju àga lọ, bẹ́ẹ̀ àga méjì péré la ní. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí a ti ń retí, mo lóyún.

Ọmọ náà mọ ìró ọkọ̀ òfurufú. Bí èyí tó ń bọ̀ wá balẹ̀ bá ti kọjá lórí páànù wa, á tàpá. Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé, "Ọmọ rẹ ti gbọ́ pé ẹrù dé, ó fẹ́ wá bá ọ gbé e."

Ìyá ọkọ mi wá láti Èkìtì wá tọ́jú mi. Kò gbà kí n jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Kò gbà kí n rìn nínú oòrùn ọ̀sán. Bí n ó bá jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi píìnì há etí ìró mi.

"Ìyá, ṣé píìnì yìí lè gún ẹ̀mí èṣù ní abẹ́rẹ́ ni?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Bó o bá bí i tán, a ó jọ rẹ́rìn-ín."

Ọ̀kan ṣoṣo ni mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí, ó fà mí wọ yàrá.

"Wọ́n á bi ọ́ pé oṣù mélòó ni. Má sọ ọ́. A kì í ka oṣù oyún sí etí ayé."

"Ìyá, inú káàdì ni nọ́ọ̀sì máa kọ ọ́ sí."

"Yọ méjì níbẹ̀. Ṣé o mọ inú ẹni tó máa jókòó tì ọ́ ni?"

Mo mọ ẹni tó ní lọ́kàn. Àǹtí kan wà nínú ilé wa tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ, kò tíì bímọ. Ilé ìgbẹ̀bí kan náà ló ti ń gba ìtọ́jú, a sì jọ ń lọ ni.

Ilé kékeré kan ni, nítòsí ojú irin ní Òṣòdì. Ó ti kógbá sílé tipẹ́. Tábìlì nọ́ọ̀sì kọjú sí bẹ́ǹṣì tí gbogbo wa jókòó lé, kálukú pẹ̀lú ìtọ̀ rẹ̀ nínú ìgò oògùn ikọ́ tó fi ìwé ìròyìn wé. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá bi ọ́, gbogbo bẹ́ǹṣì ló gbọ́.

"Tíṣà, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín gbẹ̀yìn?"

"Nọ́ọ̀sì, kò dágbére fún mi kó tó lọ."

Bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí wa gbá mi lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ pọ̀ níwájú mi. Oṣù mélòó?"

Oṣù méje ti pé. Mo rí gbogbo ojú tó ń wò mí. "Márùn-ún," ni mo wí.

Ó fi ọwọ́ wọn ikùn mi. "Ikùn yìí tóbi fún márùn-ún o. Àbí ìbejì ni?"

"Ìyá Ìbejì!" lẹnìkan pariwo. Èmi náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Nọ́ọ̀sì gbé fèrè onígi tó fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé mi níkùn. Ó ní ẹyọ kan lòun ń gbọ́, bóyá ọmọ ńlá ni. Ó kọ márùn-ún.

Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n bá ṣi àyọkúrò.

Ìgbà tó yá, oṣù mẹ́sàn-án mi pé, ó tún lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú káàdì, oṣù kẹjọ ni mo ṣì wà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọkọ̀ òfurufú kọjá, ọmọ ò tàpá. Òmíràn kọjá, ó kàn yí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò fẹ́ dìde. Mo ní kí àǹtí wa sìn mí lọ.

Nọ́ọ̀sì tẹ etí sí fèrè rẹ̀ pẹ́.

"Ọkàn rẹ̀ ń lù, ṣùgbọ́n kò já fáfá. Ká ní oṣù yín ti pé ni, ilé ìwòsàn ńlá ni ǹ bá gbé yín lọ báyìí, kí wọ́n mú un jáde. Oṣù kẹjọ yìí, ó kéré jù. Tíṣà, ṣé oṣù tó wà nínú káàdì yìí dá yín lójú?"

Ó bi mí o. Mi ò lè sọ pé kò bi mí.

Mo ṣíjú wo bẹ́ǹṣì. Àǹtí wa ń wò mí, ó di àpò mi mú mọ́ àyà.

"Ó dá mi lójú," ni mo wí. "Ọ̀lẹ lọmọ yìí, bàbá rẹ̀ ló jọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ tí mò ń wí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ sinmi, bí kò bá yí dáadáa lọ́jọ́ kejì kí n tètè padà wá. Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta ti kọjá. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

A sáré padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ọ̀sán ọjọ́rú ni mo bí i. Ọkùnrin ni. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé e, ó tún tú aṣọ náà, ó mú ọwọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, èékánná rẹ̀ ti gùn kọjá orí ìka. Awọ rẹ̀ ti ń bó. Ọmọ oṣù kẹjọ kọ́ nìyí."

Mo ní mẹ́sàn-án ti kọjá. Ó wo káàdì mi, ó rọra gbé e sílẹ̀. Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Àwọn tí mo bí lẹ́yìn rẹ̀, mo pariwo oṣù wọn débi tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ní kí n rọra.

Nílé, gbogbo ẹni tó wọlé ń sọ pé omi ló dà nù, agbè ò fọ́. Ìyá ọkọ mi ò lè sọ ọ́ ní tirẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣí píìnì, ó ń pa á dé.

Àǹtí wa ló ń gbé omi gbígbóná wá láràárọ̀, òun ló ń fi aṣọ tẹ ikùn mi. Òun náà ló di ọwọ́ mi mú ní yàrá ìgbẹ̀bí, kò sí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ tí kò gbọ́. Ọjọ́ kẹta ló tó bi mí.

"Ìyàwó, ṣé torí èmi ni?"

Mo wá ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu, mi ò rí. Ó ti aṣọ bọ omi, ó fún un, ó tún gbé e lé mi níkùn.

"Ò bá wí," ló sọ. "Ǹ bá bọ́ síta."