Ọmọ Tí Orí Rẹ̀ Pe Ọmọ

Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n fi pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbóyèga, ọkùnrin kan tó ń ta táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ní Ajah, ló pè mí pé ìyàwó òun ti lóyún. Mo fò dìde lórí àga ní ọ́fíìsì, torí mo mọ bí àwọn méjèèjì ti ṣe pẹ́ tó lẹ́nu ìrètí. Mo ṣì ń ṣàdúrà fún un lọ́wọ́ nígbà tó dá mi dúró.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ wá mú ọmọ yín."

Mo bi í pé ọmọ wo. Ó dárúkọ Ìbùkún.

Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọmọ tí kò lálábòójútó. Láti Lekki dé Ajah ni wọ́n fi mí sí. Àwọn kan rò pé ìjà tọkọtaya nìkan la wà fún. Mégáàdì kan ní Thomas Estate kì í rí mi kó má béèrè pé ìyàwó ta ló tún fẹjọ́ sùn lónìí. Àwọn tó ń wá ọmọ gbà náà ní tiwọn. Wọ́n á ní ọmọ pupa làwọn fẹ́, kó jọ bàbá, kó má sì máa sunkún lóru, àfi bí ẹni tó wá ra aṣọ. Alhaja, ọ̀gá mi, a máa dá wọn lóhùn pé bí òun bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé òun lòun máa gbé e lọ.

Alhaja yìí ló kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ da ìgbàtọ́ pọ̀ mọ́ ìsọdọmọ. Nínú ìgbàtọ́, ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ̀ ń bọ́ ọ, ẹ̀ ń wẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ló ṣì wà lójú òfin. Lásìkò yẹn la máa ń lọ sílé yín lóòrèkóòrè láti wo bí ẹ ṣe ń ṣe síra yín. Ìsọdọmọ ní tirẹ̀, ilé-ẹjọ́ ló ń fàṣẹ sí i. Bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, ọmọ ti di tiyín nìyẹn, yóò máa jẹ́ orúkọ yín, yóò sì jogún yín. Ìgbàtọ́ ni Ìbùkún wà nílé Gbóyèga. Ọjọ́ ilé-ẹjọ́ ti ń sún mọ́lé.

Ọmọ bí ọdún márùn-ún ni, ó lẹ́nu, ó sì fẹ́ràn búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ ti kú, a wá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ títí, a ò rí ẹnì kankan. Lọ́jọ́ tí mo mú un dé ilé Gbóyèga ní Thomas Estate, àwọn aládùúgbò bá tọkọtaya náà yọ̀. Wọ́n ń sọ ohun tí Yorùbá máa ń sọ fún ẹni tó ń wojú Ọlọ́run, pé orí ọmọ ló ń pe ọmọ wá sáyé. Gbogbo wa ṣe àmín. Àdúrà rere ni, èmi náà dàgbà bá a ni.

Ṣadé, ìyàwó Gbóyèga, kò fi mọ sórí àmín. Láràárọ̀ ló máa ń gbé ọwọ́ lé Ìbùkún lórí, á ní kó pe àbúrò rẹ̀ wá. Ọmọ náà á dijú, á sì pè é tagbára-tagbára, bí ẹni ń pe ẹni tó wà ní títì. Bí mo bá lọ bẹ̀ wọ́n wò, Ìbùkún fúnra rẹ̀ ló máa ń ròyìn fún mi.

"Àǹtí, ó ti ń bọ̀. Ó ti dé Jakande."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí mo débẹ̀ lẹ́yìn ìpè Gbóyèga, mo bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀, ó ti wá tọ́jú aláboyún. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ilé yìí gba ọmọ méjì, kódà ó gba mẹ́ta. Màmá ló dá mi lóhùn.

"Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì."

Wọn ò bú mi, wọn ò sì pariwo. Ìrẹsì ni wọ́n bù fún mi. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn, torí èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n. Lójú tiwọn, wọ́n rán ọmọ níṣẹ́, ó jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa, ó kù kó máa lọ sílé. Ṣadé ń sunkún, kò sì jẹ́ kí ojú wa pàdé. Mo pe Alhaja. Ó ní ìgbàtọ́ ni, òfin ò ní ká fipá mú wọn. Ó ní bí a bá tilẹ̀ fipá mú wọn, ta ni yóò máa rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà nínú ilé yẹn?

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wa lọ, Ìbùkún gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Kò sunkún.

"Àǹtí, ó ti dé o. Èmi ni mo pè é." Ó wá bi mí pé ìgbà wo lòun máa padà wá pọ̀n ọ́n. Mo ní a ṣì máa rí i.

Ní ilé ọmọ tí mo mú un lọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun mọ́. Irun rẹ̀ ta kókó títí wọ́n fi gé e nígbà tó ń sùn.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè kan ni mo fi lé àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lọ́wọ́, kí wọ́n máa bi gbogbo ẹni tó bá wá gba ọmọ: bí ọmọ inú yín bá dé lọ́la, ibo ni eléyìí máa sùn? Ìbá wù mí kí n ti mọ ìbéèrè náà kí n tó mọ Ìbùkún.

Tísà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Jakande ló padà sọ ọ́ dọmọ. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Lọ́jọ́ tí mo mú Ìbùkún dé fúláàtì rẹ̀, irun ọmọ náà ti hù padà. Tísà gbé àpótí ìjókòó sílẹ̀, ó mú ìyarun, ó ní kó wá jókòó kí òun dirun fún un. Ìbùkún dúró síbi tó wà.

"Màmá, ọmọ ta ni ẹ fẹ́ kí n pè?"

Tísà wò mí.

"Mi ò ní kó o pe ẹnikẹ́ni," ó ní. "Irun ẹ ni mo fẹ́ dì."

Ìbùkún rò ó díẹ̀, ó wá jókòó. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí rẹ̀. Tísà rọra gbé ìyarun sílẹ̀, ó ń dúró dè é. Mo dágbére fún wọn, mo bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí.